Àgádágodo Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìyàgbẹ́

Wọ́n pè wá sí ìpàdé kan ní Òṣogbo, nínú gbọ̀ngàn tó tutù débi pé àwa olùkọ́ tí fáànù kíláàsì wa ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ń wá súwẹ́tà kiri. Àkọlé ìpàdé náà gùn ju ọ̀nà tó gbé wa débẹ̀ lọ: ipa tí àwọn ìlú ńlá ń kó nínú ìgbéga ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ gbọọrọ kan tí wọ́n nà mọ́ ògiri. Mo kà á, ó rẹ̀ mí, mo tún un kà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Nínú gbogbo àwa tí a ti Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn wá, n kò rí ẹnì kan tó ti ìlú ńlá kankan wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún wa ní mítípáì, ẹni tó bá sì ti jẹ mítípáì wọn gbọ́dọ̀ gbà pé ará ìlú ńlá lòun títí ìpàdé yóò fi parí.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí ètò náà ti Àbújá wá. Àjọ aláàánú kan ló ń bá ṣiṣẹ́, ó rẹwà, ó sì ní sùúrù. Ó bi wá pé kí ni ìlú wa ṣaláìní tó ń fìyà jẹ aráàlú. Ọkùnrin kan ní yunifásítì ni. Òmíràn ní pápákọ̀ òfurufú. Láti Ìlobù sí Òṣogbo, bí èèyàn bá ra gúgúrú wọ ọkọ̀, yóò débẹ̀ kí gúgúrú tó tán, ibo wá ni ọkọ̀ òfurufú fẹ́ gbé wa lọ? Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi tí màmá mi yóò máa tọ̀ sí ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì mí fa aṣọ mi pé kí n jókòó, kí n má ba ìlú wa lórúkọ jẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi.

Màmá mi ń ta gàrí lọ́jà kékeré tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Ọmọ Ìlobù ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kùmásì ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì kó o wálé lọ́mọdé nígbà tí Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ ní ọdún 1969. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ ọmọ Ìfọ́n, ìyẹn bàbá mi tó ti di olóògbé. Nítorí náà, bí ìjà ilẹ̀ àárín ìlú méjèèjì bá ti gbóná, Ìlobù á ní ìyàwó Ìfọ́n ni, Ìfọ́n á ní ọmọ Ìlobù ni, òun á ní, "Gàrí lèmi ń tà."

Ìjà yẹn kì í ṣe ohun àpárá. Ó ti gba ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ti gba èèyàn, n kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé igbó ẹ̀yìn ọjà, tí àwọn obìnrin máa ń sá wọ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n, wà lára ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti le, kò sí obìnrin tó jẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Bí ẹnì kan bá bá ọ níbi tó o ti lóṣòó sínú ilẹ̀ ìjà, àlàyé wo lo fẹ́ ṣe tí yóò yé e?

Ọgbọ́n tí màmá mi wá dá sí i ni pé kò ní mumi. Bó bá ti mu ẹ̀kọ láàárọ̀, omi kò tún ní kan ẹnu rẹ̀ mọ́ títí yóò fi délé nírọ̀lẹ́. Oòrùn á pa á, òógùn á gbẹ mọ́ ọn lójú, á máa pọ́n ètè lá. Ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí àìsàn àpò ìtọ̀ gbé e dè, dókítà kìlọ̀ fún un pé bí kò bá máa mumi dáadáa, kíndìnrín rẹ̀ yóò daṣẹ́ sílẹ̀. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, bí mo bá mu ún, ibo ni kí n dà á sí?" Dókítà kọ oògùn fún un.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọjà sílẹ̀, kó jókòó sílé. Ó ní bí òun bá jókòó sílé, ikú á ti mọ ibi tó ti máa bá òun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gánà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní òbí tó ti Gánà bọ̀ á mọ̀ wọ́n: gbogbo nǹkan ló dára jù ní Gánà, títí kan ẹ̀fọn. Ó ní, "Ní Kùmásì, ilé ìyàgbẹ́ wà ládùúgbò fún gbogbo ayé. Wàá wọlé, wàá ṣe tìrẹ, wàá jáde. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́." Mo gbọ́ ọ, mo kàn ń mi orí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ni kókó ibẹ̀.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín mi ní Òṣogbo kò já sí asán. Ọmọbìnrin Àbújá náà rántí mi. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pé àjọ àwọn yóò kọ́ ilé ìyàgbẹ́ sí ọjà wa, ó sì wá fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè fi ibi tí wọn yóò kọ́ ọ sí hàn án. Ìlú méjèèjì rán àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan wá. Ẹ wá wo àyànmọ́: ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí à ń pè ní Bàbá Ìlobù nílé wa, ni Ìlobù rán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Ìfọ́n, ni Ìfọ́n rán. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ilẹ̀ ta ni ibí yìí?"

Ẹ̀rù bà mí. Ilẹ̀ yẹn, bó o bá gbin igi ẹ̀gẹ́ kan síbẹ̀ lónìí, ìlú méjì ni yóò wá bi ọ́ léèrè lọ́la. Bàbá Ìlobù wú ikọ́. Ó ní, "Ká má purọ́, ilẹ̀ Ìfọ́n ni."

Bàbá Ìfọ́n gbọn orí. "Ó tì o. Àwọn bàbá wa kò kọ́ wa ní olè. Ti Ìlobù ni."

Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa yàgbẹ́ sórí ilẹ̀ bàbá òun. Ni wọ́n bá gbé ìtàn kalẹ̀. Bàbá Ìlobù dárúkọ ìdí ìrókò tí àwọn baba ńlá Ìfọ́n fi pààlà, Bàbá Ìfọ́n ki oríkì ọdẹ Ìlobù tó kọ́kọ́ dáná sun igbó ibẹ̀. Ìdí ìrókò tí Ìfọ́n ti ń kígbe rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu Bàbá Ìlobù ni mo ti wá gbọ́ ọ pé òótọ́ ni. Ká ní adájọ́ kan wà níbẹ̀ ni, ẹjọ́ ì bá ti parí lọ́jọ́ náà, àfi tí kò bá mọ ẹni tí yóò dá láre nínú àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin Àbújá rò pé àlàáfíà ló dé. Omi lé ròrò sí i lójú, ó ń ya fọ́tò.

Ó wá fi ayọ̀ ba nǹkan jẹ́. Ó ní ilé náà kò ní dá wá, wọn yóò gbẹ́ kànga onímọ́tò mọ́ ọn, wọn yóò sì ri iná sólà tí yóò máa tàn sí gbogbo ọjà.

Bàbá Ìfọ́n gbé fìlà rẹ̀ kúrò lápá òsì, ó dà á sápá ọ̀tún. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, nígbà tí mo ní ti Ìlobù ni, ọ̀hún yẹn ni mò ń tọ́ka sí." Bàbá Ìlobù ní òun náà, ojú òun ni kò ríran dáadáa lóòrùn. Kí á tó ṣẹ́jú, ilẹ̀ ti padà di ilẹ̀ ìjà.

Wọ́n kọ́ ọ ṣá. Ọ̀pọ̀ ìpàdé ló wọ̀ ọ́, mo gbàgbé iye rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà dìde. Ó dára ju ilé ẹlòmíràn nínú àwa olùkọ́ lọ: táìlì funfun, òrùlé aláwọ̀ ewé, ẹ̀rọ omi níwájú rẹ̀. Ìjà tó kù ni ti kọ́kọ́rọ́. Mo ní kí wọ́n fi í sọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà, àwọn tó fẹ́ lò ó. Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ní kí wọ́n fún ewúrẹ́ ní iṣu tọ́jú. Wọ́n ní nǹkan tó dára báyìí, àwọn obìnrin á bà á jẹ́. Ìlobù kò gbà kí kọ́kọ́rọ́ wà ní Ìfọ́n, Ìfọ́n kò gbà kó wà ní Ìlobù. Ìgbà tí wọ́n ṣí ilé náà pẹ̀lú àdúrà pásítọ̀ àti ti àáfà, oníkálukú yọ àgádágodo tirẹ̀ nínú àpò, wọ́n sì kó méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ti Ìlobù lókè, ti Ìfọ́n nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé, àfi kó gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Àwa èèyàn pàtẹ́wọ́! Ọmọbìnrin Àbújá ní àpẹẹrẹ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ nìyí. Ọlọ́run ló mọ iye ìlú tó ti lọ sọ ọ́ fún.

Kọ́kọ́rọ́ Ìfọ́n wà lọ́wọ́ Bàbá Ìfọ́n, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ìparí ọjà lápá ọ̀hún. Kọ́kọ́rọ́ Ìlobù wà lọ́wọ́ Bàbá Ìlobù, tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní ìparí ọjà lápá ìhín. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Yorùbá ni yín, ẹ bá mi rò ó. Obìnrin wo ló fẹ́ dúró lójú àgbàlagbà kó na ọwọ́ pé òun fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́? Ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kí i. Bàbá á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè ọmọ tó wà ní Èkó, á béèrè bóyá ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ ti san. Bó bá tán, á ṣàdúrà, o ò sì lè ṣe àmín àdúrà kánkán bí ẹni tí nǹkan ń lé. Kò sì sí ọmọ tí a kọ́ nílé tó máa sọ fún àgbà pé ìtọ̀ ló gbé òun wá. Ó di ìgbà tí bàbá bá béèrè pé, "Ṣé kò sí o?" kó tó rọra sọ ọ́. Bó bá gba ọ̀kan tán, á la ọjà kọjá lọ bá èkejì, ìkúnlẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tó wà ní Èkó.

Àwọn obìnrin dán an wò fúngbà díẹ̀, wọ́n sì padà sí àìmumi wọn. Ilé ìyàgbẹ́ náà mọ́ tónítóní. Àlejò tó wá wò ó láti ọ̀dọ̀ àjọ náà gbóríyìn fún wa, ó ní òun kò tíì rí ìlú tó mọ ìtọ́jú nǹkan bíi tiwa. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jà tiwa, àgbà méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lápò, ẹnu gbogbo obìnrin sì gbẹ.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Kùmásì tó yé mi. Èmi ti rò pé ọ̀dà títì àti ilé alájà ló ń sọ ibì kan di ìlú ńlá. Irọ́ ni. Ìlú ńlá ni ibi tí àlejò tí kò ní ẹbí níbẹ̀ ti lè rí ibi tọ̀ sí, láì kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ sára aṣọ gbọọrọ yẹn, ohun tó túmọ̀ sí kò ju ohun tí èèyàn lè rí gbà láì kúnlẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn kí á máa kí ara wa o, n kò fẹ́ kí ọmọ mi dúró gbagidi kí àgbà. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò.

Nígbà ìsinmi ilé ìwé, mo tẹ̀ lé màmá mi lọ sọ́jà. Dókítà ti tún kìlọ̀, ìkìlọ̀ ọ̀tẹ̀ yìí sì le. Mo gbé omi lọ́wọ́, mo ń fún un mu bí ẹni ń fún ọmọ ní àgbo, ó ń wò mí níwòkuwò, ó ń mu ún. Nígbà tí oòrùn kàn wá látàrí, ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Ó tó. Wá ká lọ."

Ilé Bàbá Ìfọ́n ló súnmọ́ ìsọ̀ wa jù, ibẹ̀ la kọ́kọ́ lọ. Màmá kúnlẹ̀. Inú bàbá dùn láti rí i.

"Ìyàwó wa! Ìyàwó wa! Ọjà ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọkọ mi. Ẹ kú ìjókòó. Ara yín le?"

"Ara ò le bí ẹ ò ṣe wá kí wa. Ọmọ rẹ nìyí? Ó ti sanra! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó béèrè gbogbo wa. Ó ṣàdúrà pé a kò ní rí ogun àìròtẹ́lẹ̀, a ṣe àmín. Màmá ń ṣe àmín, orúnkún rẹ̀ so pọ̀, mo rí i tí ọrùn rẹ̀ ń làágùn. Bàbá fún un ní kọ́kọ́rọ́ níkẹyìn. A la ọjà kọjá, màmá kò lè yára, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rọra. Ó dé iwájú ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì, ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú eruku sìmẹ́ǹtì.

"Bùọ̀dá mi, ẹ kú ọ̀sán."

Ọwọ́ rẹ̀ ni Bàbá Ìlobù ń wò. "Kọ́kọ́rọ́ Ìfọ́n kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?"

"Òun ni, Bùọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́—"

"Èmi àti ìwọ tá a jọ mu ọmú kan náà. Ìfọ́n lo kọ́kọ́ lọ kí kó o tó wá kí mi?"

"Ibẹ̀ ló súnmọ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú—"

"Dá a padà fún wọn. Kó o wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi bó ṣe yẹ."

Mo la ẹnu, màmá bojú wò mí, mo pa á dé. Ó ń bẹ̀ ẹ́ lọ. Bàbá ń sọ nípa ọmọ tó gbàgbé orísun rẹ̀, àwọn oníbàárà tó wá ra sìmẹ́ǹtì ń gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí omi tó ń yọ jáde lábẹ́ ìró màmá mi. Ó ń rìn lọ nínú eruku náà, ó ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ó doríkọ ẹsẹ̀ bàbá.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo fẹ́ bú bàbá. Mo fẹ́ sunkún. Màmá mi, tó jẹ́ pé tí aṣọ rẹ̀ bá rún díẹ̀ kò ní jáde nílé, kúnlẹ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo ọjà. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń wá ibòmíràn tí wọn yóò gbójú sí.

Kò dìde. Ó gbé orí sókè, ó sì fi ohùn tó fi ń ná ọjà bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. "Bùọ̀dá mi, ilẹ̀ ta ni mo tọ̀ sí yìí? Ti Ìlobù ni àbí ti Ìfọ́n?"

Bàbá tó mọ ìdí ìrókò tí wọ́n fi pààlà kò pààlà lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi bò ó. N kò rí i kó bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ Ìfọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ náà, ó ṣí àgádágodo méjèèjì, ó sì fi búbà nìkan la ọjà kọjá lọ gbé àgádágodo Ìfọ́n fún Bàbá Ìfọ́n. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Àgádágodo kankan kò padà sẹ́nu ọ̀nà yẹn mọ́. Ìjà ilẹ̀ kò parí o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ilé ìyàgbẹ́ náà kò sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ti ń rùn díẹ̀, àwọn obìnrin ń pín iṣẹ́ ìmọ́tótó rẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tó kàn. Bí mo bá kọjá níbẹ̀ tí mo gbóòórùn rẹ̀, inú mi máa ń dùn.

Lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ màmá pé ká máa lọ sílé. Ó ní òun kò tíì tà tán. Ó fọ ẹsẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ìró rẹ̀, ó sá a sórí òrùlé ìsọ̀, ó ró agbádá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́dìí, ó jókòó ti gàrí rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá náà wà ní ìbàdí rẹ̀. Obìnrin kan tí kò sí lọ́jà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ wá ra gàrí, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ń wo aṣọ náà.

"Ẹ kú ọjà, mà. Agbádá ta lẹ ró mọ́dìí yìí?"

Màmá ki kóńgò bọ inú gàrí. "Mo tọ̀ sára ni," ó ní. "Kóńgò mélòó ni kí n wọ̀n fún ọ?"